Ẹṣin Tó Yà Síbi Ìrèké ní Ẹsẹ̀ Mápó

Kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ mi jìnnà, ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ mi ná. Ó tẹ̀ sóde bí ọrun. Bí mo bá dúró, ewúrẹ́ lè gba àárín rẹ̀ kọjá kó má kàn mí lára. Àwọn ọmọ ọmọ mi ti fi ṣe ẹ̀fẹ̀ títí ó fi sú wọn. Iṣẹ́ tí mo fi ọdún méjìléláàádọ́ta ṣe ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ń kọ́ ẹṣin, mo sì ń ta ẹṣin, ní Bẹ́yẹrúnkà níbí, nínú ìlú Ìbàdàn.

Wọ́n ní kí n sọ bó ṣe rí fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ọwọ́ mú. Mo gbọ́. N kò ní tàn yín jẹ. Iṣẹ́ ẹṣin kò sọ mí di olówó, kò sì jẹ́ kí ebi pa mí. Ó tún fún mi ní ìyàwó. Ti ìyàwó yìí ni mo fẹ́ sọ jù, nítorí díẹ̀ báyìí ló kù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi pátápátá.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Iṣẹ́ télọ̀ ni bàbá mi fẹ́ kí n kọ́ ní Bẹẹrẹ. Ọjọ́ tí a ń lọ síbẹ̀, a pàdé ọkùnrin kan tó ń fa ẹṣin funfun lọ, ẹṣin náà ń rìn bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló ni títì. Mo dúró. Bàbá mi pè mí títí, n kò gbọ́. Nígbà tó yá ó ní, "Lásísì, ṣé ẹṣin lo fẹ́ máa ránṣọ fún ni?" Mo ní rárá, mo fẹ́ máa gùn ún ni. Ó mí kanlẹ̀, ó lọ bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Òun ni Bàbá Kásúmù, ọ̀gá mi. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé ọjọ́ kìíní ni wọ́n á gbé yín gun ẹṣin, ẹ rọra o. Ọdún kan gbáko ni mo fi kó ìgbẹ́ ẹṣin. Mo gé koríko létí odò títí ọwọ́ mi fi le. Mo po èérí ọkà bàbà, mo pọnmi, mo fi ọ̀bẹ kékeré ha ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ pátákò. Bàbá Kásúmù kì í nani, ṣùgbọ́n ì bá sàn kó nani. Bí o bá ṣe àṣìṣe, á jókòó sórí àpótí rẹ̀, á máa wò ọ́. Kò ní sọ nǹkan kan. Á máa wò ọ́ bẹ́ẹ̀ títí ìwọ fúnra rẹ á fi rí ohun tí o bàjẹ́, tí o ó sì fẹnu ara rẹ sọ ọ́.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ló yára sọ̀rọ̀. Àárọ̀ ọyẹ́ kan ni. Mo mú ìjánu lórí ìṣó, mo ń ti irin rẹ̀ bọ ẹṣin lẹ́nu, ẹṣin ń gbórí sókè, mo ń jágbe mọ́ ọn.

"Lásísì, mú irin yẹn wá."

Mo mú un lọ.

"Fi sẹ́nu."

Mo rò pé eré ni. Mo rẹ́rìn-ín.

"Mo ní kí o fi sẹ́nu!"

Mo fi irin ìjánu sẹ́nu ara mi. Yéè! Òtútù rẹ̀ wọ gbòǹgbò eyín mi, omi lé ròrò sójú mi. Ọ̀gá mi ní, "Ẹṣin tí ò ń jágbe mọ́ yẹn, kò rí ẹnu fi sọ fún ọ ni." Láti ọjọ́ náà títí di òní, n kò fi ìjánu sí ẹṣin lẹ́nu rí láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì di irin rẹ̀ mú títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó fẹ́ràn láti máa sọ: "Ẹṣin kì í kọ́ ohun tí o bá wí fún un. Ohun tí ò ń ṣe lójoojúmọ́ ló ń kọ́." Bó bá ti sọ ọ́, èmi á dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Mo rò pé mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

Ní ayé ìgbà náà, òkè Ọya la ti ń lọ ra ẹṣin. A ó wọkọ̀ lọ, a ó fẹsẹ̀ dà wọ́n bọ̀, ọjọ́ púpọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà ìrìnàjò mi kejì, ọ̀gá mi ní kí n yan ẹṣin kan fúnra mi. Eyín ló yẹ kí n wò kí n fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ ló kó sí mi lójú. Mo yan ọ̀kan tó dúdú bí kóró iṣin. Ọ̀gá mi wò ó, ó wò mí, ó sanwó. Nígbà tí a dé Ògbómọ̀ṣọ́, òjò ńlá pa wá, ni ẹṣin mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro aró sílẹ̀. Kí a tó dé Ọ̀yọ́, ewú ti yọ láti iwájú orí dé gọ̀gọ̀ ọrùn rẹ̀. Àṣé àgbàlagbà ni wọ́n pa láró fún mi! Ọ̀gá mi ní, "Lásísì, bàbá bàbá rẹ rè é o. Dọ̀bálẹ̀ kí wọn." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní Bẹ́yẹrúnkà.

Ẹṣin tó bá dé láti òkè Ọya kò tíì mọ Ìbàdàn. Èyí gan-an ni iṣẹ́ wa. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Mógàjí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gorí àga olórí agboolé. Tí wọ́n bá ti wúyè tán ní Mápó, orí ẹṣin ni wọn ó wà relé, agbòòrùn lókè, ìbọn níwájú, àwọn ìyàwó ilé lẹ́yìn. Ẹṣin tó bá ta gìrì tó sì gbé olóyè ṣánlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọmọ ọmọ yóò gbọ́. Nítorí náà, a ó máa lu páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, a ó máa ṣí agbòòrùn pì sí i lójú, a ó máa yìnbọn lẹ́yìn ògiri. Tí kò bá ta gìrì mọ́, a ó máa gùn ún kọjá láàárín Ọjà'ba lọ sókè Mápó lójoojúmọ́, fún ogójì ọjọ́. Ọ̀gá mi ní ẹṣin tí kò bá mọ Ọjà'ba kò mọ nǹkan kan.

Ní ọdún keje mi, ó fa okùn ẹṣin pupa kan lé mi lọ́wọ́. Gbajúmọ̀ ni mo sọ ọ́, nítorí kò sí ẹni tí kì í mirí sí.

"Ìwọ nìkan ni yóò kọ́ èyí," ni ọ̀gá mi wí. "Mógàjí kan ní Pópó Yemọja ni yóò gùn ún lọ́jọ́ ìwúyè, ọ̀dọ̀ wa ni yóò sì máa gbé lẹ́yìn náà. Bó bá gbé wọn délé láìsí àbùkù, ìjánu yìí di tìrẹ."

Ìjánu tó ní awọ pupa ni, èyí tí ọ̀gá tirẹ̀ fún òun náà. Kí ẹ yé mi dáadáa: nínú iṣẹ́ wa nígbà náà, kò sí ìwé ẹ̀rí. Ìjánu ni òmìnira. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá fún ní ìjánu, kò sẹ́ni tí yóò ra ẹṣin lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo Ìbàdàn.

Mo béèrè pé, "Tó bá wá lábùkù ńkọ́, Bàbá?"

"Télọ̀ ṣì wà ní Bẹẹrẹ."

Mo kọ́ Gbajúmọ̀ dójú àmì. Ìbọn dún, ó dúró. Agbòòrùn ṣí, ó dúró. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan wà ní ẹsẹ̀ Mápó, níbi tí ọ̀nà ti fẹ́ máa gòkè, tó ń ta ìrèké. Rábíátù lorúkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ yá jùyẹn lọ. Lọ́jọ́ kìíní mo sọ fún ara mi pé ó yẹ kí ẹṣin sinmi díẹ̀ kó tó gòkè. Rábíátù ní, "Bọ̀dá ẹlẹ́ṣin, ta ló rẹ̀ nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Ó gé ìrèké fún Gbajúmọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹṣin tún nílò ìsinmi. Lọ́jọ́ kẹta náà. Kí n má fọ̀rọ̀ gùn, ogójì ọjọ́ ni ẹṣin mi fi sinmi níbẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín, òun ń jẹ ìrèké, inú gbogbo wa dùn.

Ọjọ́ ìwúyè pé. A dé Gbajúmọ̀ ní gàárì, a ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Mógàjí jókòó sórí rẹ̀, bàbá sísanra tí kò gẹṣin rí láyé rẹ̀. N kò di okùn mú. Èèwọ̀ iṣẹ́ wa ni, wọn kì í fa olóyè bí àgbò iléyá. Ìdí ìrù ni ààyè mi. Ìbọn dún, gbòlà! Gbajúmọ̀ kò mi etí. Àwọn obìnrin ń ké, ó ń mirí sí wọn. Ọ̀gá mi tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà mi orí sí mi. Mo ti rí ìjánu awọ pupa yẹn lọ́wọ́ ara mi.

Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ Mápó, Gbajúmọ̀ na etí méjèèjì síwájú. Mo mọ etí yẹn. Kí n tó lanu, ó ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tó gbé agbòòrùn ń sá tẹ̀lé e, Mógàjí ń fa ìjánu, "Hẹ́ẹ̀! Hẹ́ẹ̀!" Ó gbé wọn lọ tààrà síwájú àtẹ Rábíátù, ó dúró gbagidi, ó ti ẹnu bọ inú ìrèké.

Ìbọn dákẹ́. Obìnrin àgbàlagbà kan nínú ẹbí sọ ọ́ síta pé, "Ẹṣin oyè dúró lọ́nà? Àmì wo rèé o?" Òógùn ń ṣàn lójú Mógàjí. Ohun tó wà lọ́kàn mi kò ju abẹ́rẹ́ àti òwú lọ.

Ni Rábíátù bá kúnlẹ̀. Ó mú ìrèké tó gùn jù, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sókè. Ó gbóhùn sókè kedere, ó ní, "Bàbá, ẹ kú oríire o! Ẹṣin yín mọ ibi tó ń gbé yín lọ. Ìrèké, bó ṣe ń lọ sídìí ló ń dùn sí i. Bí ẹ bá ṣe ń pẹ́ lórí oyè ni yóò máa dùn sí i!"

"Àṣẹ!" Ọjà'ba mì tìtì.

Mógàjí gba ìrèké, ó gé e jẹ, ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì lórí gàárì. Ìbọn tún dún. Gbajúmọ̀ jẹ ìwọ̀n tó tó o, ó fúnra rẹ̀ yí padà, ó gbé wọn dé Pópó Yemọja wọ́ọ́rọ́wọ́. Gbogbo ènìyàn ń yọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò yọ̀.

Nígbà tí a délé, Bàbá Kásúmù jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń wò mí. Mo tú gàárì, ó ń wò mí. Mo fún ẹṣin lómi, ó ń wò mí. Nígbà tí n kò lè mú un mọ́ra mọ́, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, èmi ni mo kọ́ ọ."

"O sọ fún un pé kó máa yà síbẹ̀?"

"Rárá, Bàbá. Èmi ni mò ń yà síbẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ó fi ìjánu awọ pupa kọ́ padà sórí ìṣó. "Ọmọ yẹn ló yọ Mógàjí nínú ìtìjú. Ta ni yóò yọ ọ́? Ọdún kan ni mo fún ọ. Máa gun ẹṣin yìí kọjá níwájú àtẹ yẹn lójoojúmọ́. Kò gbọdọ̀ dúró, kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Ìwọ náà kò gbọdọ̀ wojú ọmọ náà, o kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀, nítorí bí o bá ń ṣe é, ẹṣin yóò mọ̀. Lọ́jọ́ tí ọdún bá pé, èmi fúnra mi yóò tẹ̀lé ọ. Bó bá yà, o ti di télọ̀ nìyẹn."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ṣubú lórí ẹṣin, ẹṣin ti ta mí nípàá, kò sí èyí tó dùn mí tó ọdún yẹn. Lọ́jọ́ kìíní Rábíátù kí mi, mo kọjá lọ gbọnrangandan. "Bọ̀dá ẹlẹ́ṣin! Ṣé ẹ̀yin náà ti joyè ni?" Lọ́jọ́ kẹta ó pòṣé, ìyẹn gùn dé òkè Mápó. Láti ìgbà náà kò wò mí mọ́. Mo rò pé ẹlòmíràn yóò fẹ́ ẹ lọ kí ọdún tó pé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo fa fìlà bojú kí ará ọjà má rí omi ojú mi.

Ọdún pé. Mo gun Gbajúmọ̀, ọ̀gá mi ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn. Bí a ṣe súnmọ́ ẹsẹ̀ Mápó, ẹṣin dẹ ìrìn. Etí rẹ̀ kan yí sí apá àtẹ. N kò fa ìjánu, nítorí ọ̀gá mi ń wo ọwọ́ mi. Rábíátù gbójú sókè, ó rí mi, ó rí Bàbá Kásúmù lẹ́yìn mi. Mo fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí i pé gbogbo rẹ̀ yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yára ṣí ìborùn èjìká rẹ̀, ó fi bo ìrèké mọ́lẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wa. Gbajúmọ̀ fọn imú, ó gbẹ́sẹ̀, ó kọjá lọ.

Ní òkè Mápó ni ọ̀gá mi ti fi ìjánu lé mi lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Ó ní, "Mo rí ìborùn yẹn o, má rò pé n kò rí i. Bí o kò bá lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, n ó gba ìjánu mi padà."

Mo fẹsẹ̀ sáré lọ.

"Ẹsẹ̀ lẹ fi wá lónìí?" ni Rábíátù wí, kò tilẹ̀ wojú mi.

"Ẹṣin ni wọ́n ní kó má yà mọ́. Wọn kò ní kí èmi má yà."

Ó gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò ṣe é ṣe. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ẹbí mi ti gbéra lọ tọrọ rẹ̀ nílé wọn.

Láti ìgbà náà, mo ti rí àyípadà oríṣiríṣi. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń kó ẹṣin wá báyìí, ẹṣin kì í mọ ọ̀nà tó gbà dé. Ọ̀dà títì ń jẹ pátákò. Nígbà tí inú bá ń run ẹṣin, ewé ni ọ̀gá mi ń gún. Lónìí, dókítà ẹran yóò gún un lábẹ́rẹ́, kí ẹ tó fọ ọwọ́ tán ara rẹ̀ ti yá. Mo fara mọ́ ìyẹn, n kì í ṣe arúgbó tó ń bú gbogbo nǹkan tuntun. Páànù tí a ń lù, a ti fi fèrè ọ̀kadà rọ́pò rẹ̀. Múfú ọmọ mi ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, orí fóònù ló ti ń tajà. Oníbàárà rẹ̀ kan pè láti Èkó, ó bi mí pé, "Bàbá, kìlómítà mélòó ni ẹṣin yìí ti rìn?" Mo ní kó wá wo eyín rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó ṣọ́ra, kó má lọ ra bàbá bàbá rẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, ilé Pópó Yemọja yẹn tún fẹ́ fi Mógàjí jẹ. Ọmọ ọmọ ẹni tó gun Gbajúmọ̀ ni. Àwọn tó jẹ láàárín wọn, mọ́tò ni wọ́n fi relé, ṣùgbọ́n èyí ní òun fẹ́ gun ẹṣin bí ti bàbá àgbà òun. Wọ́n rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ dígí ojú wá bá wa, ọmọlúàbí ni. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹṣin tí a fẹ́ rà lọ́wọ́ Bọ̀dá Múfú, ṣé ó mọ àṣà ilé wa?"

"Àṣà wo nìyẹn?"

"Àṣà ìrèké, Bàbá. Láti ayé àwọn baba ńlá wa ni. Ẹṣin Mógàjí gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ yà síbi ìrèké ní ẹsẹ̀ Mápó. Àwọn tó lo mọ́tò pàápàá dúró níbẹ̀. Bí ẹṣin kò bá yà, oyè kò ní dùn."

Mo wo Rábíátù. Rábíátù wo àjà. Èjìká rẹ̀ ti ń mì. Bí ọmọ náà ṣe yíjú, ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín, gèlè já bọ́ lórí rẹ̀. Èmi ní tèmi, mo di ojú mi mú, mo ní, "Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ àṣà yẹn."

Bí mo ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ogójì ọjọ́ ni mo fi fa ẹṣin tuntun náà, Jẹ́jẹ́, lọ sí ẹsẹ̀ Mápó, ọ̀pá ní ọwọ́ kan, okùn ní ọwọ́ kejì, ìjánu Bàbá Kásúmù lẹ́nu ẹṣin. Rábíátù tún gbé àtẹ kalẹ̀ síbi àtijọ́. Gbogbo ohun tí ọ̀gá mi fi ọdún kan jẹ mí níyà lé lórí, òun ni mo tún ń fọwọ́ ara mi kọ́ ẹṣin. Bí Bàbá bá ń wò mí látọ̀run, mo mọ̀ pé ó ti jókòó sórí àpótí.

Ọjọ́ pé. Ìbọn dún, ọ̀kadà ń fọn fèrè, gbogbo ènìyàn na fóònù sókè. Jẹ́jẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó, ẹnikẹ́ni kò fà á. Nínú gbogbo ọdún iṣẹ́ mi, n kò gbàdúrà rí pé kí ẹṣin mi yà kúrò lójú ọ̀nà. Ó dẹ ìrìn. Ó na etí síwájú. Ó yà!

Ariwo sọ. Rábíátù rọra kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ àtẹ mú, ó na ìrèké sókè, ó wúre kan náà, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀. "Àṣẹ!" Mógàjí gé e jẹ. Ọmọ onídígí yẹn ń ṣàlàyé fún àwọn tó ń ya fọ́tò pé àtayébáyé ni.

Nígbà tí wọ́n kọjá tán, tí eruku rọlẹ̀, mo fi ọ̀pá mi tẹlẹ̀, mo fẹ́ máa lọ. Rábíátù pè mí.

"Bàbá Múfú, ẹ̀yin ò ní yà ni?"

Mo yà. Ó gé ìrèké tó kù sí méjì, ó na ọ̀kan sí mi. Eyín mi kò gé ìrèké mọ́, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti bó o, ó sì ti là á wẹ́wẹ́. Mo fi sẹ́nu, mo ń fà á mu títí a fi dé Bẹ́yẹrúnkà. Ìdí rẹ̀ ló gé fún mi.